Kérésìmesì Tí Junie Kò Sunkún

                                                            418, Òpópónà Wilmot,
                                                            Harlow Creek,
                                                            Ìpínlẹ̀ Michigan.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, ọdún 2016.

Ernestine, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ kú ọdún, mo sì kí ọ kú àtijọ́. Báwo ni Clifton àti orúnkún rẹ̀? Ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú? Ọmọ tuntun tí Denise bí ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Arizona lè máa jókòó síta nínú oṣù yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, yìnyín ti mu wá dé orúnkún, mo sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé kí n tó rántí bu iyọ̀ tó ń yọ́ ọ sí i. Ara èmi le. Odell ọkọ mi náà wà láàyè, mo dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé o ti pè mí tó ìgbà mẹ́wàá tí mi ò gbé e. Má bínú sí mi. Lọ́yà wa ló ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, kí n má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kò dárúkọ lẹ́tà. Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Èmi ni mo máa sọ ìdajì kejì fún ọ.

O rántí ìgbà tí a gba Callie àti Junie sílé, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń rẹ́rìn-ín pé òyìnbó la máa ń rí tó ń gba ọmọ èèyàn dúdú tọ́, pé èmi àti Odell la yí i padà. Callie ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, Junie mẹ́ta. Irun wọn ṣì pupa fòò, ara wọn ṣì funfun débi pé oòrùn díẹ̀ ló ń jó o. Kóòtù ti parí ìsọdọmọ ti Callie lọ́dún tó kọjá, orúkọ wa ló ń jẹ́. Ti Junie ló kù, torí ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i ló fa á sẹ́yìn. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìn-ín-ní tó ń bọ̀ ni adájọ́ fẹ́ fọwọ́ sí i. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ṣe ń ka ìyókù.

A ti kọ́ bí a ṣe ń bá wọn jáde. Odell kì í kúrò nílé láìfi ẹ̀dà ìwé àwọn ọmọ sínú àpò aṣọ òtútù rẹ̀. Tí a bá sì wà láàárín èrò, èmi ni mo máa ń gbé Junie, torí wọ́n máa ń rò pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọmọ ni. Kò sẹ́ni tó ń lu olùtọ́jú ọmọ.

Ní Sátidé ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, a lọ gé igi Kérésìmesì ní oko kan lẹ́yìn ìlú. Odell fi ayùn àwọn olóko gé e, ó sì gbé ayùn náà fún mi kí n dá a padà. Ibẹ̀ ni Junie ti rí àgbọ̀nrín tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní òun máa mú un lọ sílé. A ní kò ṣeé ṣe. Ó dùbúlẹ̀ sínú yìnyín, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan jù, ó sì fi igbe bọnu. Odell gbé e nílẹ̀. Ó ní, “Ìyá Callie, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ mu kòkó gbígbóná tiyín. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi ìyá àgbà yìí jókòó sínú ọkọ̀ kí inú rẹ̀ rọ̀.” Mo jẹ́ kó gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ rántí tí mo bá jí nìyẹn.

Ibi tí èmi àti Callie tò sí kò jìnnà, mo ń gbọ́ ohùn Junie. Ó ń ké pé, “Gbé mi sílẹ̀. Mi ò lọ. Mo fẹ́ Mọ́mì mi.” Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń di igi tirẹ̀ sórí ọkọ̀, òun àti ọkùnrin tó fẹ́ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà la mọ̀ pé Brent Kolasa lorúkọ rẹ̀. Ó bọ́ sójú ọ̀nà níwájú Odell, àáké lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, níbo lò ń gbé ọmọ yẹn lọ?”

“Inú ọkọ̀ mi. Ọmọ mi ni, inú ló ń bí i.”

“Ọmọ tìẹ? Wo ara ẹ, kó o wá wo ọmọ náà.”

“Mo ti wò ó. Jọ̀ọ́, yà fún mi.”

“Gbé e sílẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Odell kò gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan kò sì ní bàtà. Ó na ọwọ́ sápò láti mú ìwé jáde. Àna Kolasa pariwo pé ìbọn ló fẹ́ yọ. Kolasa sì fi èèkù àáké gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀ka igi ló ṣẹ́.

Ó wó sórí orúnkún rẹ̀, ó ká ara mọ́ Junie. Kolasa ń fi igi èèkù náà lù ú lẹ́yìn, ìkejì ń fi bọ́ọ̀tù ta á níhà, àwọn méjèèjì sì ń sọ pé, “Fi ọmọ náà sílẹ̀, fi í sílẹ̀.” Bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń di í mọ́ra sí i, torí pé tó bá tú ọwọ́ rẹ̀, orí ọmọ náà ni igi yẹn máa bà. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sórí irun ọmọ náà. Àwọn èèyàn dúró ti igi wọn, wọ́n ń wò. Mo rí ọkùnrin kan tó bo ojú ọmọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń wò.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ayùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ya apá Kolasa. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú igi lọ́wọ́, mo tún fà á lé e lápá, igi náà bọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi lójú, ó gbóná. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ní, “Màdáámú, ó tó. Ó ti tó.”

Ernestine, mo tún ya á. Ìkẹta yẹn ló jìn jù, láti èjìká dé ìgúnpá, ojú mọ́kànlélógún ni wọ́n fi rán an. Mo sọ fún lọ́yà pé ẹ̀rù ló bà mí. Òótọ́ ni, ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì. Ní ìgbà kẹta, ó dùn mọ́ mi.

Callie ló parí ìjà náà. Ó ti fi eyín mú itan àna Kolasa, nígbà tí ìyẹn sì já a dànù, ó dìde, ó na ara lé Odell lẹ́yìn, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, “Dádì wa ni. Dádì wa lẹ ń lù.” Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò gbọ́ èdè. Àna Kolasa jókòó sínú yìnyín, ó di orí mú.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, Odell tí ẹnu rẹ̀ ti yẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ níwájú Junie, ó tọ́ka sí Odell, ó bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé ta nìyí. Junie ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Callie ló he ìwé náà nínú yìnyín, ó gbọn ọ́n, ó fún ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni wọ́n tú ọkọ mi, wọ́n sì lọ mú àwọn tó yẹ kí wọ́n mú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èmi náà, wọ́n gbé ayùn lọ.

Eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Odell ṣẹ́ síbi méjì, eegun ìhà rẹ̀ mẹ́ta ló sán. Wọ́n fi wáyà di eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ ohun tó gùn, àfi kó kọ ọ́ sórí pátákó kékeré tí Callie fi ń kọ́ ìwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Rayford, àbúrò rẹ̀, dé sí ọsibítù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Aṣọ òtútù rẹ̀ wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wá bẹ̀ ọ́ wò. Mo wá sọ fún ọ kó o tó gbọ́ ni. Inú ilé Kolasa ni mo ti máa bá a. Wọ́n ti gba onídùúró ẹ̀, ó ti wà nílé.” Odell mú pátákó, ó kọ ọ́ pé: Jókòó. Rayford ní òun ò jókòó. Odell pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé: Ọgbọ̀njọ́. Ọjọ́ kóòtù Junie ló ń sọ. Rayford wò ó títí, ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ojú pa mọ́ inú fìlà rẹ̀. Ohun tí ọkọ mi kò mọ̀ ni pé èmi ni mo fún Rayford ní àdírẹ́sì ilé Kolasa, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tó wọlé.

Nígbà tí a padà sílé, a rò pé Junie ti gbàgbé. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ní, “Verlene, ọmọ yìí ò tíì sunkún láti ìjẹta.” Junie tí ìbọ̀sẹ̀ lásán máa ń pa lẹ́kún. A gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó dáa. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó ń wo òkè àjà.

Kérésìmesì dé. Wọ́n ti fi igi wa sílẹ̀ ní oko yẹn, Rayford gbé oníke kan wá. A wọ aṣọ ìsùn pupa kan náà bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, a ya fọ́tò. Mo fẹ́ kí a fo ti ọdún yìí, Odell kọ̀. Màmá Orlean, ìyá rẹ̀, gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá, àti makaróònì àti páì ọ̀dùnkún, ó lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún Odell kó lè fà á mu. Odell kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ohun tó máa gba òun lọ́wọ́ oúnjẹ Màmá. Màmá ní, “Mo mọ̀wé kà o. Mu ún tán.” Odell kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó di ìhà mú.

Bí Callie àti Junie ṣe ń sáré lọ síbi ẹ̀bùn ni Junie kọsẹ̀, tó fi ẹnu gbá etí tábìlì. Ètè rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, omi kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Màmá Orlean gbé e lé itan, ó ní, “Ké, ọmọ mi. Ó dùn ọ́, ké.”

Junie mi orí. Ó ní, “Tí mo bá ké, wọ́n á wá lu Dádì.”

Odell dìde, ó wọ inú ilé ìdáná lọ. A gbọ́ bó ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ara ògiri. Ihò tó dá lu sára ògiri pákó wa ṣì wà níbẹ̀.

Ìyáàfin Haverkamp wá lánàá, obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ fún kóòtù. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bọ̀ nílé wa, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í purọ́. Ó ti ka ìwé àwọn ọlọ́pàá. Ó ní, “Ìyá Callie, nígbà tí ẹ fi ayùn ya Kolasa lẹ́ẹ̀kẹta, ṣé igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?” Lọ́yà ti kọ́ mi ní èsì. Odell ń wò mí. Mo ní, “Rárá. Ó ti gbé ọwọ́ sókè.” Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ tún ya á?” Mo ní, “Torí pé mo fẹ́ ya á.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Báyìí la jókòó nígbà tí Callie já orí ère ṣokoléètì tí Junie ti ń tọ́jú láti ọjọ́ Kérésìmesì, ó sì jẹ ẹ́. Junie wò ó. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó la ẹnu, igbe náà sì bú jáde, Ernestine, igbe ọjọ́ mẹ́wàá. Ètè rẹ̀ tó ti ń san tún là. Bó ṣe ń ké ló ń wo ilẹ̀kùn, gbogbo wa sì ń wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú rẹ̀, Ìyáàfin Haverkamp náà.

Dókítà ti ní kí Odell má gbé ohun tó wúwo ju àwo lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, òógùn bò ó lójú. Junie ń fi ẹsẹ̀ ta á níhà tó sán yẹn, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lọ́rùn, Odell sì ń gbé e yí pálọ̀ ká, ó ń fi eyín tí wọ́n dè sọ̀rọ̀ sí i létí pé, “Ké. Ké dáadáa.” Mo fẹ́ gbà á, Ìyáàfin Haverkamp dá mi dúró, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun máa kọ gbogbo ohun tí òun gbọ́ àti ohun tí òun rí, òun ò sì lè sọ ibi tí adájọ́ máa wò. Mo ní kó kọ ọ́. Lọ́yà ò tíì mọ̀.

Tí Clifton bá lè dá wà fún ọjọ́ mélòó kan, jọ̀ọ́, wá. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọgbọ̀njọ́ yẹn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mi ò fẹ́ dá dúró níwájú adájọ́ yẹn. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ-ọmọ rẹ lẹ́nu, sọ fún Denise pé aṣọ òtútù tó rán wá bá Callie mu, kí Clifton má sì fi orúnkún ṣeré. Odell kí yín. Màmá Orlean náà kí yín, ó ní ẹ kò tíì dá àwo òun padà.

Junie ké títí oorun fi gbé e lọ ní èjìká Odell, lọ́sàn-án gangan. A ò fa aṣọ bo fèrèsé, a ò ní kó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ̀ ní rere àti ní búburú,

Verlene.