Ojú Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Yọ Pamọ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìsàlẹ̀ Oníyanrìn,
Ìbàdàn.
13 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Muhydeen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ gbọọrọ. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ fìlà ńkọ́? Samuel tó ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló sọ fún mi pé o ti ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ. Inú mi dùn gan-an. Ṣé àwọn ará ibẹ̀ ti mọ fìlà gẹ̀ báyìí, àbí wọ́n ṣì ń gbé e lérí bí ìdérí ìkòkò? O kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, yóò sì dá àwọn tó kù sí.

Àwa náà wà níhìn-ín bó ṣe yẹ ká wà. Màmá mi kí ọ. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kúrò nídìí ààrò? Wọ́n ṣì ń dín àkàrà láràárọ̀. Láìlọ́nù ni wọ́n fi ń dì í fún àwọn èèyàn báyìí, wọn ò lo ìwé mọ́. Jọ̀wọ́, fi ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

O lè máa ṣe kàyéfì pé lẹ́tà ni mo kọ, láyé tí gbogbo èèyàn ń fi ohùn ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kó wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Màá lẹ ẹ́ pa kí n tó fi rán Samuel, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tusidé tó kọjá, Bushrah wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, níbi tí mo ti ń ṣe fọtokọ́pì àti káàdì ìgbéyàwó. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Àbúrò rẹ kékeré tó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú yẹn ti di odindi ìyàwó! Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n máa so yìgì rẹ̀, káàdì ló sì wá tẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé orúkọ ta ni kí n kọ síbi walíyì, ẹni tí yóò dúró ní ipò bàbá tí yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ó ní kí n ṣì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ó wá jókòó sórí àga oníbàárà, ó ní, “Bùọ̀dá Dayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo ṣe fún wọn? Ọdún kọkànlá rèé. Mo pè wọ́n pè wọ́n, wọn ò gbé e. Bàbá ò sí mọ́, àwọn ló kàn. Tí wọn ò bá wá, Bàbá Ṣakí tó jẹ́ àbúrò Bàbá ni wọ́n máa fi ṣe walíyì mi. Èmi ò fẹ́ Bàbá Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́.”

Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Mo tún ní kó máa gbàdúrà sí i. Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́, láìtijú. Muhydeen, mo mọ̀. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti mọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn Mápó. O rántí fíìmù tí o rí gbà sórí mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe? A pín íápíìsì, ọ̀kan létí rẹ, ọ̀kan létí mi. Títí di ọjọ́ yẹn, ibi tí mo ti rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni inú àwọn fíìmù tí màmá mi máa ń wò, níbi tó jẹ́ pé kó ya wèrè ni, tàbí kí wòlíì lé ẹ̀mí àìmọ́ kúrò lára rẹ̀ kí fíìmù tó tán. Nínú tìrẹ yìí, ọkùnrin méjì kàn ń gbé inú ilé kan ni. Wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò fọ abọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan ń fọ̀ ọ́, èkejì ń fi aṣọ nù ún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́kún. Mo ní eruku ló bọ́ sí mi lójú, ìwọ náà sì ní òótọ́ ni, eruku Mápó burú. A ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di Sọ́ńdè, tí mo wọ sùtánà funfun, tí mo dúró láìwọ bàtà láàrin ìjọ, ẹ̀rù ń bà mí pé wòlíì yóò rí àwọn abọ́ yẹn níwájú orí mi.

Lẹ́yìn fíìmù ni ìwé dé. Láàrin ìwé àlòkù tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ní Ọjà'ba lo ti rí i, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya kúrò. Ìtàn tíṣà kan àti apẹja kan ni, ní ìlú kan létí òkun. O kọ́kọ́ kà á, o fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tó bá ọ lára mu, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ tó gún régé, èyí tí Bàbá fi ń yangàn, tí o fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà wọn sára ọ̀rá fìlà. O wá gbé e fún mi pé kí èmi náà kọ tèmi. Ohun tí a ò lè fi ẹnu sọ síra wa, ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn la ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojo ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta péré ni mo gbójú kọ nǹkan sí.

Oṣù kìíní ọdún 2014 ni. Òfin ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gbogbo rédíò ló ń sọ ọ́, àwọn tó wá ra àkàrà lọ́dọ̀ màmá mi ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ní Sọ́ńdè, wòlíì wa dìde láàrin ìsìn, ó ní òun rí ìwé kan nínú ilé kan ní àdúgbò yìí, kí ẹni tó ni ín yára mú un jáde. Mo mọ̀ lónìí pé kò sí ilé tí kò sí ìwé ní Oníyanrìn. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé tiwa ló rí.

Mo sáré délé ṣáájú màmá mi. Bí mo bá sun ún, wọ́n á rí èéfín. Bí mo bá jù ú sí odò Kúdẹtì, ó lè léfòó. Mo bá rántí àpò ìwé màmá mi. Ṣé o rántí pé nótì àwọn ọmọléèwé àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń ya di àkàrà? Màmá mi ò mọ̀wé. Mo rò ó pé kò sí ibi ìpamọ́ tó dára tó ojú ẹni tí kò lè kà á. Mo ki ìwé náà bọ àárín nótì bàọ́lọ́jì ẹnì kan. Mo gbàgbé pé àwọn tó ń jẹ àkàrà mọ̀wé.

Ní Wẹ́sidé, o bi mí léèrè ìwé rẹ. Mo ní mo ti fi í sínú báàgì rẹ ní lẹ́sìn tí a ń lọ lẹ́yìn iléèwé, ṣé o ò rí i ni? O da báàgì náà dà sílẹ̀, o tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Mo ń wò ọ́. Mo tún ní bóyá ẹnì kan nílé yín ló mú un. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbin ìyẹn sí ọ lọ́kàn.

Ní Sátidé, Bushrah wá ra àkàrà bó ṣe máa ń rà á. Ọmọ ọdún méjìlá. Ó gbé e síwájú Bàbá pẹ̀lú ẹ̀kọ. Bàbá tú u, wọ́n sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ lábẹ́ epo, níbi tí tíṣà ti ń bẹ apẹja pé kó má lọ: “Bí ọkàn tèmi náà ṣe rí nìyí.” Ohun tí ìwọ gbọ́ láti inú yàrá ni pé Bushrah ló gbé ìwé náà wá bá Bàbá. Òótọ́ ni, òun ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n àkàrà ló rò pé òun gbé! Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Tusidé pé títí dòní, òun ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, pé ohun tí òun rántí kò ju pé Bàbá gbá òun náà létí, tí àkàrà sì dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìwé ti wá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi ọ́ sọ́kọ̀ Ṣakí.

Mo wà lẹ́yìn ilé yín lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ igbe rẹ, mo sì sá lọ. Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù díẹ̀, o ò ṣe é. Èmi tí mo ń wo ìdáhùn lára rẹ, èmi ni mo gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo gbọ́ pé Bàbá Ṣakí tì ọ́ mọ́lé títí oṣù fi parí, tí wọ́n ń fún ọ ní omi àdúrà mu, mi ò lè jẹ àkàrà mọ́. Màmá mi rò pé inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mọ́kànlá ni tèmi, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ó ku ọ̀kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ya lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó ki ìwé náà bọ inú àpò, mo jókòó, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń wá gbogbo ibi tí mo ti kọ nǹkan sí. Mẹ́ta ni. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rí tìrẹ, Muhydeen. Ó ju ogójì lọ. Mo ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà pé kò sí àyè, pé màmá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Àyè wà. Tèmi ni mo yọ, mo sì fi tìrẹ sílẹ̀.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Bí o bá ní o ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́, o jàre. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o pe Bushrah. Kò ṣẹ̀ ọ́ rárá. Ó ti ń jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ mi láti kékeré. Lọ́la, bí a bá ti jáde ní ìsìn, mo ń lọ bá a nílé. Màá sọ fún un pé inú àpò wa ni ìwé yẹn ti jáde, pé èmi ni mo fi í síbẹ̀, pé èmi ni mo sì parọ́ fún ọ. Bó bá béèrè ẹni tó ni ìwé, màá ní tèmi ni. Ohun tí o fi pẹ́ńsùlù kọ, ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Tìrẹ ni, ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún un bó bá wù ọ́. Mi ò tíì tẹ káàdì. Ibi orúkọ walíyì ṣì ṣófo, ó ń dúró dè ọ́.

Bá mi kí Emmanuel. Samuel ní ẹ jọ ń gbé ilé kan ni. Mi ò béèrè nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń fọ abọ́.

Ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Inú èèpo Bíbélì mi ni mo fi wọ́n pamọ́ sí, mi ò lè sun wọ́n. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà lọ́wọ́ rẹ báyìí bí tìrẹ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Bàbá, lò ó bó bá ṣe wù ọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni ìparí ìtàn náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ lo kọ ọ́ sí pé, “Dayọ̀, ṣé ìwọ náà?” O ní kí n dáhùn kí n tó dá ìwé padà. Ọjọ́ tí mo kà á débẹ̀ gan-an ni mo dáhùn, sábẹ́ ìbéèrè rẹ, ìwé ni kò padà. Wò ó níbẹ̀ báyìí. Ó ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Èmi náà ni,

Olúdayọ̀