Àgbálùmọ̀ Tó Dí Díìṣì Màmá Lójú

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìlú òyìnbó yìí tutù ju ohun tí àyà ń fẹ́ lọ. Mo kí ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tó ń mójú tó oko kòkó, mo kí Fúnmi àbúrò mi. Ṣé orúnkún yín ti jẹ́ kí ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Mo ṣì wà ní ilé iṣẹ́ tó ń fi àwòrán tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sókè sí sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀run. Èmi kọ́ ni mo ń fi í ránṣẹ́ o. Èmi ni mo ń gbá yìnyín kúrò nínú àwọn díìṣì ńlá, torí bí yìnyín bá bò wọ́n, àwòrán á dàrú. Bí mo bá gbá a tán, kí n tó ṣẹ́jú, àwòrán ti gòkè, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo máa ń jowú rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá wá sílé, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé síbí.

Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n yín ti ṣú, pé ẹni tó ń tún díìṣì ṣe ní sátẹ́láìtì ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì gbà fún un! Màmá, kò kúrò. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń bá a yí, ojú kan náà ló sì wà sí ilé wa, lápá ọ̀nà Ìjerò. Mo ní kí Fúnmi ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé wá. Igi ni mo rí.

Àgbálùmọ̀ tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, tí ẹ ri kóró rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló ti ga ju òrùlé lọ, tó dí díìṣì lójú. Mo sunkún. Mo ti ń ka ọdún mẹ́wàá, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó báyìí.

Fúnmi ní ẹ kò jẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀ka kan níbẹ̀. Ó ní láti ìgbà tó ti ń so, ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, pé ẹ ń kó o pamọ́ sínú abọ́, ẹni tó ni ín ń bọ̀, títí á fi jẹrà.

Ẹ má gé e. Ẹ ní kí wọ́n gbé díìṣì lọ síwájú ilé, níbi tí igi kò sí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe.

Mi ò lè wá lọ́dún yìí, Màmá. Mi ò sì mọ ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ṣa àgbálùmọ̀ náà, ẹ jẹ ẹ́, ẹ pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ má fi í pamọ́ dè mí mọ́. Kí Olúwa fi ẹ̀yin pamọ́ dè mí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá nílé.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Káyọ̀dé.