Ẹ Fi Kásẹ́ẹ̀tì Yẹn Ránṣẹ́

Màmá mi,

Ohun tó bàjẹ́ rèé: ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo orin inú fíìmù yẹn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, òṣèré arẹwà kan ń la ẹnu lásán níwájú kámẹ́rà, orúkọ tiẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Olùdarí mọ̀. Òṣèré mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ ní kí n gbẹ́nu dákẹ́.

Àná la ṣe ayẹyẹ ogójì ọdún fíìmù náà. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀ fún iléeṣẹ́ wa. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Nígbà tó dórí orin kẹta, níbi tí èémí yín ti já díẹ̀ torí pé mo tàpá nínú yín, gbogbo èrò tó ń bá a kọrin já èémí níbẹ̀ gẹ́lẹ́, tọmọdé tàgbà. Ni òṣèré yẹn bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹkún ló gbọ̀n mí lọ́jọ́ náà.” Ó rí mi lára bí ẹni gbé eṣinṣin mì.

Mo dìde, mo sọ fún un pé, “Mọ́mì, irọ́ ni. Ìyá mi ló kọ ọ́. Èmi ni mo tàpá.”

Ọ̀gá mi ní, “Jókòó! Ẹ̀rí ẹ dà?”

Mi ò jókòó.

Ẹ má ronú nípa iṣẹ́ mi o. Ara mi le, mo ráyè sinmi dáadáa báyìí. Ẹrù mi ní ọ́fíìsì ò ju páálí kan lọ, mo ti gbé e délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tẹ orúkọ akọrin sára ẹ̀dà tuntun fíìmù náà. Kásẹ́ẹ̀tì ìdánrawò tí ohùn yín wà nínú rẹ̀, tí ẹ fi ìborùn wé sí ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má ní ẹ ṣì ń rò ó. Ogójì ọdún ti tó láti rò ó.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gba kásẹ́ẹ̀tì náà, Màmá, kì í ṣe Ẹtì.