Okùn Gìtá Bàbá Akíndúró

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹta, 1977

Wọ́n gbà mí sí báńdì! Ọ̀gá Festus, tó ni ilé ọtí ní Ugborikoko, tó tún ni ọkọ̀ àti ẹ̀rọ báńdì, gbọ́ orin méjì péré tí mo fi gìtá ta, ó ní, "You go do." Ó parí. Inú Dádì ò dùn. Nítorí ilé ìfọpo tí wọ́n ń kọ́ ní Ekpan ni wọ́n ṣe gbé e wá láti Èkó, ó sì ti bá mi wá iṣẹ́ síbẹ̀. Màmá ní kó fi mí sílẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo lò ní Leeds, nílùú Òyìnbó. Yorùbá ni màá fi kọ ìwé yìí. Bó bá wọ́, kó wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹta

A ṣeré ní Sapele. Ìka ń ro mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹta

Ìgbáradì. Gìtá méjì la ní. Tèmi ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, mi ò gbọdọ̀ yí i padà títí orin á fi parí — ogún ìṣẹ́jú nígbà míì! Gìtá kejì ló ń sọ̀rọ̀, ló ń ṣàwàdà, ló ń pe oníjó. Bàbá Akíndúró ló ń ta ìyẹn. Ará Ìlàjẹ, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gìtá ẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ti Ọ̀gá Festus. Nínú ìwé yìí, Àgbà ni mò ń pè é.

Ìka yún mi, mo fi nǹkan díẹ̀ kún gbólóhùn mi. Àgbà dáwọ́ dúró. "Ọmọ, ta lo ń bá du ọ̀rọ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Ràhímù onílù — ọmọ Ọ̀yọ́, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi — ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ara ẹ̀ ti dé, ẹrù ẹ̀ ló kù ní Lọ́ńdọ̀nù." Mo ní Leeds ni. Ó ní ṣé nígbà tí mo dé Leeds, mi ò rí Lọ́ńdọ̀nù ni. Lọ́ńdọ̀nù ti dorúkọ mi nìyẹn.

Nǹkan kan ṣì ń yà mí lẹ́nu. Tí Àgbà bá fẹ́ tún okùn gìtá ẹ̀ fà, ó máa kọjú sí ògiri. Bọ̀ọ̀dá Ràhímù ní bí àwọn àgbà onígìtá ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ẹnì kan má jí ohùn wọn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹta

Ughelli. Èrò pọ̀, bíà ń ṣàn. Láàárín orin, Àgbà tẹ̀ sétí mi: "Má wo ìka ẹ. Wo ẹsẹ̀ obìnrin tó wọ búlúù yẹn. Ibi tó bá gbé e sí ni kí o gbé ohùn sí." Mo wò ó. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ò sú mi mọ́! Mo fẹ́ràn bàbá yìí gan-an.

Bí a ṣe ń bọ̀, ó ní etí òsì òun ti ń hó láti bí ọdún kan. Kí n má sọ fún Ọ̀gá. Mi ò sọ.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹta

Àwọn kan ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Ekpan lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ wá gbọ́ wa. Bí a bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwa la ó máa ṣeré níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ọ̀gá Festus sọ fún Àgbà lójú gbogbo wa pé, "Baba, if your hand slow that day, na London go carry your place." Àgbà ní, "I hear."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ kíá, kí n tó parọ́ fún ara mi.

Ọ̀sán. Oòrùn ń ta bí iná. Àgbà lọ jẹun, gìtá ẹ̀ wà lórí àga. Mo kàn fi àtàǹpàkò ra okùn ẹ̀ — gbogbo ẹ̀ dẹ̀, kò sí èyí tó wà níbi tí wọ́n kọ́ mi pé ó yẹ kó wà. Mo ní ooru inú ọkọ̀ ló fà á. Mo ní etí Àgbà ò dáa, kò ní mọ̀, àwọn ará Ekpan sì ń bọ̀. Mo bá a tún un fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Inú mi ń dùn! Mi ò sọ fún un, kó má lọ rò pé mò ń káàánú òun.

Aago márùn-ún, àlejò ti jókòó. Àgbà fọwọ́ kan gìtá. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí abọ́ ń já lulẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé okùn tí mo fà ni. Ó dúró. Ó tún gbìyànjú — ó burú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fọwọ́ bo etí òsì, ó wò mí.

Festus pàtẹ́wọ́: "London! Carry am!"

Mo fi gìtá tèmi gba ipò ẹ̀. Mo ta gìtá bí mi ò ṣe ta á rí. Wọ́n ń hó yèè. Àgbà sọ̀kalẹ̀ tòun ti gìtá ẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹta

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé ẹ̀ ní Ugbolokposo. Ó na ọwọ́ òsì sí mi. Mo ti máa ń rí i pé ìka méjì ló fi ń tẹ okùn, mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Méjì tó kù ò ṣeé ká. Igi ló wó lù ú nílé iṣẹ́ pákó, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún kan ló fi wá bóun ṣe lè dẹ okùn kí ìka méjì lè tó láti ta á. Ohun tó ń kọjú sí ògiri fi pamọ́ nìyẹn.

Mo ní, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Onígìtá wo? Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan gìtá ẹlòmíì láìtọrọ. Rárá, ọmọ. Etí mi ló tán." Ó ní kí n máa gbé gìtá náà lọ, òun ò fẹ́ rí i mọ́.

Mo sì gbé e wálé. Mo gbé e wálé!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹta

Ekpan gbà wá. Dádì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹta

Mo ti sọ fún un. Mo gbé gìtá lọ, mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. "Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo fa okùn yín." Ìyàwó ẹ̀ figbe ta. Àgbà dìde. Ó gba gìtá, ó dẹ okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí lé e. Ó ta á. Ohùn ẹ̀ nìyẹn! Omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìyá Bísí, etí mi ò tán. Ṣé o gbọ́? Etí mi ò tán."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọjú sí mi. "Ti okùn, o ò mọ̀. Ó ti tán. Àmọ́ lórí pèpéle, o ti mọ̀. O rí ojú mi, o sì ń bá orin lọ." Ó gbé gìtá sílẹ̀. "Lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ìtìjú mi ṣojú wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo báńdì. Bọ̀ọ̀dá Ràhímù ò ṣàwàdà. Festus ní, "So na you spoil am, and you still dey bow for people?" Mo ní mi ò ní gba ipò Àgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Ó ní kí Àgbà wá ta orin kan fóun lọ́la, ká tó lọ sí Ekpan. Bó bá dáa, ó ti gba ipò ẹ̀. Bí kò bá dáa, kí ẹnikẹ́ni má tún yọ òun lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹta

Àgbà wọ búbá funfun wá. Ó ta orin kan. Ó ta ìkejì, ẹnikẹ́ni ò ní kó ta á. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ọtí ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń jó. Festus fọwọ́ nu ojú. "Baba, abeg, enter motor."

Àgbà ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí a ń kẹ́rù, Bọ̀ọ̀dá Ràhímù fẹ́ bá a gbé gìtá sẹ́yìn ọkọ̀. Àgbà ní, "Gbé e fún Lọ́ńdọ̀nù." Kò wojú mi.

Mo gbé e lé itan títí a fi dé Ekpan. Ọ̀nà yẹn burú, ọkọ̀ ń fò sókè sódò. Mi ò jẹ́ kí ìka mi kan okùn kankan.