Búrọ́ọ̀ṣì Màmá àti Ọkọ̀ Bàbá

                                                  Yàrá Ẹ̀yìn Gáréèjì,
                                                  Ilé Bàbá Mi.
                                                  Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn,

Fara balẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí. Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń túfọ̀ fún ọ pé búrọ́ọ̀ṣì tí màmá mi fi ń fọ eyín ti papòdà. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ oṣù méjì péré ni. Ó fi ife kan àti ọṣẹ ìfọyín kan sílẹ̀ sáyé lọ.

Nísinsìnyí tí o ti gbọ́ èyí tó burú jù, kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé kò tíì mọ irú ẹni tó fẹ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Mo gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ọ̀nà tí ìrora máa rìn kò kéré. Ní tiwa níbí, ara le, àfi ti bàbá mi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì bàbá lọ́dún tó kọjá, ó yẹ kó máa lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí nọ́ọ̀sì máa bá a na ọwọ́ náà, kó má baà gan. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bí onítakisí ṣe gbé òun wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì yẹn, òun ò wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Ọkọ̀ tòun lòun máa wọ̀, iwájú lòun sì máa jókòó sí. Ọkọ̀ tirẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n dáadáa: aláwọ̀ ewé yẹn, tó ti ń sáré káàkiri kí wọ́n tó bí èmi àtìwọ, tí kò sì kúrò nínú gáréèjì mọ́ láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Bàbá jókòó ti fèrèsé, ó gbé ọwọ́ òsì lé itan bí ẹrù tí ẹnì kan fi ṣọ́ ọ. Màmá wá pàṣẹ: bí ọkọ̀ náà kò bá sítáàtì kó tó di ọ̀sán Sátidé, ẹni tó ń ra irin àlòkù yóò wá gbé e, kí àwáwí bàbá lè tán. Èmi mọ bàbá mi. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni yóò máa gbé.

Mo gba iṣẹ́ náà. Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní pólì. Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri pálọ̀, ibi tí àlejò kò ti lè ṣe bí ẹni tí kò rí i ni bàbá gbé e kọ́ sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí bátìrì ti hu nǹkan funfun bí ògiri tó ń bu. Mo gbé omi gbígbóná, mo wọ balùwẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó gbó jù níbẹ̀ láti fi fọ̀ ọ́. Ti màmá ni. Tèmi ló dà bí tuntun, màmá sì ní òun mọ ìdí rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ gáréèjì yẹn àfi bí òun bá rí búrọ́ọ̀ṣì mìíràn. Mo ní màá rà á lọ́la. Má gbàgbé ìlérí yìí, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Mo pe mẹkáníìkì àdúgbò wa. Sùúrù ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó máa ń ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní nìyẹn. A gbé bátìrì tuntun sí i. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, kò jí. Sùúrù gbóòórùn epo inú táǹkì, ó ní èyí kì í ṣe epo mọ́, ohun ìrántí ni. A dà á nù, a rọ tuntun sí i. Kò jí. A tú kabúrétọ̀, a fọ̀ ọ́, a fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò jí. Lọ́jọ́bọ̀, Sùúrù tú púlọ́ọ̀gì kan, ó fi kan irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ ká wò ó bóyá iná máa ta lẹ́nu rẹ̀. Kò ta.

"Iná ò dé ibẹ̀," ni Sùúrù wí.

"Kí ló fà á, ọ̀gá?"

"Ìwọ lo lọ sí pólì."

A pààrọ̀ gbogbo ohun tó ń gbé iná lọ síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná kò ta. Lójoojúmọ́ ni bàbá ń béèrè láti ojú fèrèsé pé, "Ẹnjiníà, ṣé ó ti jí?" Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, kò béèrè mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Láàárọ̀ Sátidé, onírin àlòkù gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ọkọ̀ bàbá bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Mo sáré lọ ra búrọ́ọ̀ṣì, kí ohun kan ṣoṣo lè yanjú lọ́sẹ̀ náà. Màmá gbà á, ó yẹ irun rẹ̀ wò, ó wá tẹ̀ lé mi lọ sí gáréèjì láti kí ọkọ̀ náà pé ó dìgbà. Ó dúró, ó ń wò wá bí a ṣe tún ń yí kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ ò ní tẹ nǹkan abẹ́ àga yẹn ni?" ló bi wá.

Sùúrù gbé orí sókè. "Nǹkan wo, ìyá?"

"Súìsì tó ń dá iná ọkọ̀ dúró, tí bàbá wọn fi síbẹ̀ torí olè. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin náà, màmá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ta ló bi mí?"

Mo na ọwọ́ sábẹ́ àga awakọ̀, mo kan nǹkan róbótó kan, mo tẹ̀ ẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín dúdú sí onírin àlòkù lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Sùúrù ní òun ṣáà ti sọ pé iná ò dé ibẹ̀. Onírin gbé bátìrì àtijọ́ lọ, kí ìrìn rẹ̀ má baà já sófo.

A lọ bá bàbá. Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun ti gbàgbé súìsì náà pátápátá. Ọwọ́ òsì ló máa ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ láì bi òun léèrè, ọwọ́ náà ni àìsàn sì mú.

"Olè wo lẹ tìtorí ẹ̀ fi síbẹ̀, bàbá?"

"Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn. Mo gbàgbé súìsì, mi ò gbàgbé yín."

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn tí a ti ọkọ̀ náà jáde nígbà tí bàbá ń sùn, tí a wà á lọ ra búrẹ́dì tí a ò nílò, tí a dá a padà sójú ibi tó wà gẹ́lẹ́, tí ìwọ tún fi aṣọ rẹ nu sitiárì: ọdún mẹ́wàá la fi rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. O sún àga sẹ́yìn torí ẹsẹ̀ rẹ, o ò sún un padà. Bàbá ní nígbà tí òun jókòó lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ òun ò tó bíréèkì.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Iwájú ló ń jókòó sí, ó sì ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sí ọwọ́ òsì náà, ìka mẹ́ta sì ká mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ní yóò padà bọ̀ sípò, díẹ̀díẹ̀. Mo yíjú síbòmíràn torí ojú ń ta mí. Èéfín ọkọ̀ ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Màmá ní kí n kí ọ, kí o tọ́jú ẹ̀yìn rẹ. Bàbá kò kí ọ. Ó ní kí o wá kí òun fúnra rẹ, kí o sì mú búrẹ́dì lọ́wọ́. Bí o bá dé tí a ò sí nílé, tí o sì fẹ́ lo ọkọ̀, abẹ́ àga awakọ̀ ni, lápá òsì.

Èmi tí a jọ jẹ̀bi ni,

Onípólì.

Àfikún: Bí mo ṣe ń jáde lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mo bá èyí lára ilẹ̀kùn gáréèjì:

ÌKÉDE
Láti ọ́fíìsì olórí ilé yìí. A ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé a ti gbé súìsì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Súkúrù méjì ló dè é mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì la fi tú ọ̀kan nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo la fi ibi tuntun náà hàn. Kò ní sọ, àyàfi bí ẹ bá bi í.