Nípa Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú Tí O Ní Kí A Pààrọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́, ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́? Àwa níhìn-ín ń mí, a sì ń jẹun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni yóò máa gbé ọ padà wálé láyọ̀, orí fífọ́ kò ní mọ ojúlé rẹ.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. O ní kí n sọ òtítọ́ nípa fóònù tí o rà fún wa, bóyá kí o pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wọ́n jù ú lọ. Mo wá rò ó pé kò bójú mu kí n gbé fóònù sétí kí n máa ka àléébù rẹ̀ sí i létí. Ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ṣé kò ní gbọ́ tèmi tí mo dì í mú ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Bátìrì rẹ̀ lágbára bí ọmọ iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tó bá ti gba iná yó lónìí, ó di ọ̀la kó tó tún béèrè. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé òun ni mo fi ń wá ìṣó tó bá bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ohùn rẹ̀ náà ròkè, tí o bá pè, bíríkìlà tó ń gbé lójúlé kejì máa ń bá mi dá ọ lóhùn, òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti fi kún owó oṣù rẹ. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi láti orí àkàbà rí, mo kí i pẹ̀lẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kò ríran dáadáa. Mo fi ya àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún tíṣà, mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i, ó fèsì pé ewúrẹ́ náà sanra, èló ni mo fẹ́ tà á. Ó tún láfojúdi díẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá gbé e síwájú ojú mi kó lè ṣí, yóò ní òun kò dá mi mọ̀, nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kan òrùlé rẹ̀. Àfi kí n lọ bọ́jú, kí n dé fìlà, kó tó gbà pé èmi ni. Ìyá rẹ ní kí n má bínú, pé òun náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dá mi mọ̀ láàárọ̀.

Ló bá tún kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún, àyè kò sí mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sínú rẹ̀ ló pọ̀ jù, mo bẹ ìyá rẹ pé kó dín kíkí kù tó bá ń pe èèyàn, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó ní àwòrán ló kún inú rẹ̀, ó sì fi wọ́n hàn mí. Àtàǹpàkò mi ni mo ti ń yà látọjọ́ yìí. Ó nu wọ́n kúrò, ó ní ibi tí wọ́n ti dín owó irú fóònù bẹ́ẹ̀ kù nìyẹn, àyè inú rẹ̀ kì í pọ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé ó lọ́ra. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ ronú ná, mo lè lọ fá pákó kan dán kó tó ṣe ohun tí mo wí.

O mọ̀ pé ìyá rẹ àti àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí màmá wọn ti dolóògbé, torí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá tí ìyá rẹ gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò fi rán nǹkan kan, tí kò sì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ní Sátidé, bí mo ṣe ń wá nọ́ńbà rẹ, ọwọ́ mi tẹ orúkọ àǹtí rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, kò dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ń ronú. Mo bá gbé e sórí tábìlì kó fara balẹ̀ ronú tán. Ìyá rẹ kò mọ̀ rárá, aṣọ ló ń ká, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé òun rí obìnrin kan lójú ọ̀nà tí apá aṣọ rẹ̀ jókòó dáadáa, òun sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò òun ni. Ó ní kì í ṣe ìkà ló mú kí òun di ẹ̀rọ yẹn mú, pé tó bá kúrò nílé, ṣe ló máa dà bíi pé màmá tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ìjà náà ti sú òun, òun kàn ò mọ ohun tí òun máa kọ́kọ́ sọ ni.

Nígbà tí mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún nínú rẹ̀. Mo gbé e sétí ìyá rẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ pé ṣé ó ti jẹun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí àǹtí rẹ fi dé. Àwọn méjèèjì wọ́ ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n nu eruku rẹ̀, àǹtí rẹ fi epo sí i, ó sì rán apá ẹ̀wù iṣẹ́ mi tó ti ya. Wọ́n fẹnu kò pé kó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ìyá rẹ máa lọ jókòó tì í nígbàkigbà tó bá wù ú. Èmi ni mo kan tábìlì tí wọ́n gbé e lé.

Nítorí náà, má pààrọ̀ fóònù yẹn. Ká ní olówó gọbọi tó ń yára ni, ìpè yẹn ì bá ti já kó tó wọlé. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá rẹ ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, bí o bá pè tí o ní o fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Jọ̀ọ́, wá ìwọ̀nba owó tí agbára rẹ bá ká, kí n fi ra òmíràn tèmi. Má ṣe wá èyí tó dára jù ú lọ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ohun tí o ń wá, yóò sì fún ọ ní ẹni tí ẹ ó jọ jẹ ẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ì bá pè ọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ òun àti àǹtí rẹ kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.