Aṣọ Búlúù Tó Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Samsudeen

Ilé Aláṣọ-òfì,
Ìsẹ́yìn.

Waheedat, ọmọ ọmọ mi,

Fadékẹ́ aránṣọ, ará ilé kejì, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi. Ṣé ara rẹ le ní Ìbàdàn? Èmi wà láàyè, orúnkún nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ pé o máa pa á mọ́ mi létí.

Nígbà tí o wá ṣọdún Iléyá, o fi ẹyẹ ìlú òkèèrè kan hàn mí nínú fóònù rẹ. Akọ rẹ̀ fi igi wẹ́wẹ́ kọ́ àtíbàbà, ó wá ń ṣa nǹkan búlúù jọ síwájú rẹ̀, ìdérí ìgò, ìyẹ́, òdòdó, ó ń jó kí abo lè wọlé. O ní ó máa ń jí lára ti ẹlòmíràn kún un. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ìyá àgbà, Samsudeen mi nìyí." Mo bi ọ́ pé ta ló ń bọ́ ọmọ. O ní abo nìkan ni, pé ibòmíràn ló ti ń lọ kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀, akọ kì í dé ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Òkèhò lọ wo yàrá tí wọ́n máa mú ọ wọ̀ nílé Samsudeen, bí àgbà ilé ìyàwó ti ń ṣe. Yàrá náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Ọ̀dà búlúù, kọ́tìnnì búlúù, abọ́ búlúù. Aṣọ òfì búlúù ló tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yí etí rẹ̀ padà, mo rí òwú pupa tí bàbá rẹ fi máa ń parí aṣọ ìyàwó. Ẹnì kan ṣoṣo ló hun irú búlúù yẹn fún: Ramlah, ọmọ Fàtímọ̀ ará Otu, tó kú sórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Samsudeen ní ọjà lòun ti rà á. Mo ní, "Ọjà wo?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, aṣọ ṣáà ni." Mo ká a kúrò níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Otu.

Fàtímọ̀ rí aṣọ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Samsudeen tó sọ fún ọ pé òun kò láya rí, òun ni ọkọ Ramlah. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ń rọbí, Samsudeen ní òun ń lọ wá ọkọ̀. Kò padà. Àwọn aládùúgbò ló gbé e sórí ọ̀kadà lẹ́yìn tó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́nà, kò dé ilé ìwòsàn. Samsudeen kò dé ibi tí wọ́n sin ín sí, àmọ́ ó wá kó ẹrù rẹ̀. O sì mọ̀ pé ẹrù obìnrin tó bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ náà wà láàyè. Obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ kò tíì fojú kàn án. Aṣọ ìyá rẹ̀ yẹn ni Fàtímọ̀ fi pọ̀n ọ́n nígbà tí mo ń lọ.

Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Bí oyún bá ti wà níkùn rẹ, gbé e wá sílé, a ó jọ tọ́ ọmọ náà. Má lọ bí i sínú yàrá yẹn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ rẹ di ẹkún. Yóò fún ọ ní ẹni tó máa dúró tì ọ́.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Sàràtù.

Àfikún: Èmi fúnra mi ló máa sọ fún bàbá rẹ. Ìwọ, Dúróríkẹ́ ni kí o sọ fún, ọ̀rẹ́ rẹ ará Ṣakí tó bá Samsudeen yan kọ́tìnnì. Mi ò tíì jáde tán ní ojúde Samsudeen tí mo fi gbọ́ tó ń pe Dúróríkẹ́ lórí fóònù, tó ń bi í pé àwọ̀ wo ló fẹ́ràn. Lónìí ni o, kó tó wá aṣọ mìíràn tẹ́ dè é.